Owó Tí Kò Jáde

Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì Raliat àti Suleiman, owó tí wọ́n fi ṣe sàdáàkì kò tètè dé ọwọ́ ìyàwó. Àwọn àgbà ló ń gbà á wò lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó bá kàn á gbé e sún mọ́ ojú, á yí i síwá yí i sẹ́yìn, á sì kí Bàbá Jimoh, bàbá ọkọ, pé ó kú ìnáwó. Owó fàdákà ni, ó fẹ̀, ó ń dán yinrin, kò sì sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo Ọ̀kà. Orí ọba òyìnbó wà lójú kan, erin wà lójú kejì, lábẹ́ erin náà ni wọ́n kọ lẹ́tà Lárúbáwá sí, irú èyí tó wà nínú Kùránì. Aáfà àgbà tó so yìgì náà kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ó ní ṣílè méjì ni wọ́n kọ. Wọ́n ní iye yòówù kí wọ́n kọ, òyìnbó tó bá ti fi lẹ́tà Kùránì sára owó, nítorí irú ọjọ́ báyìí ló ṣe rọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí owó náà ṣe dé ọwọ́ Bàbá Jimoh, kí ó yáa wá ibi jókòó sí, nítorí bàbá náà kì í sọ ìtàn yìí ní kúkúrú. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rin ilẹ̀ Àkókó, Jimoh wà nínú àwọn tó ń ru ẹrù fún un. Òyìnbó kan gbé àpótí kékeré kan wá, aṣọ pupa ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, oríṣiríṣi owó tuntun ni wọ́n sì tò sórí aṣọ náà. Ó kó àwọn ìjòyè Ìkàrẹ́ jọ, ó kó ti Ọ̀kà jọ, ó ní kí wọ́n wò wọ́n, kí wọ́n sọ èyí tí wọn yóò fẹ́ máa ná. Àwọn ìjòyè mú àwọn tó ní ihò láàárín, wọ́n ní àwọn á lè sín wọn sókùn bí owó ẹyọ. Kò sẹ́ni tó mú elérin. Owó tí kò ṣe é sín sókùn, ibo ni kí wọ́n kó o sí?

Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ọ̀wọ̀, ibà dá òyìnbó náà gúnlẹ̀, odò sì kún. Àwọn tó ń gbé e sọ ọ́ kalẹ̀ sétí odò, wọ́n ní àwọn kò lè bá a kú. Jimoh ló pọ̀n ọ́n kọjá. Ní òdìkejì, òyìnbó ṣí àpótí, ó mú elérin fún un, ògbufọ̀ sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé owó náà kò tíì jáde, kí ó tọ́jú rẹ̀. Jimoh tọ́jú rẹ̀. Òyìnbó padà sí ìlú wọn, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó sọ fún Jimoh pé bí alásè ṣe ń bu ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò ni ìjọba ń ṣe owó, àti pé ọbẹ̀ tí a tọ́ wò tí kò dùn, wọn kì í gbé e fún àlejò.

Nígbà tí Láwàl, àkọ́bí Jimoh, fẹ́ Limota, owó náà ti wà nínú àpò awọ lórí àjà. Bàbá ní kò tíì jáde, owó ẹyọ ni wọ́n fi ṣe sàdáàkì Limota. Láwàl kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n pé èèyàn dákẹ́ kò ní kí ó má rí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé owó tuntun ti jáde ní Èkó. Ó bọ́ sí àkókò tí Suleiman, àbíkẹ́yìn tí bàbá fẹ́ràn jù, ń múra àtifẹ́ Raliat, ọmọ Ìkàrẹ́. Bàbá Jimoh ní tòun náà ti jáde nìyẹn. Kò gbé e lọ sọ́jà kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ní í gbé ohun iyì ilé rẹ̀ lọ sọ́jà?

Memunat, ìyá Raliat, ti kọ́ ọ pé sàdáàkì kì í ṣe owó ọbẹ̀. Ti obìnrin ni, ọkọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, òun sì ni ẹ̀rí pé wọ́n fẹ́ ọ ni, wọn kò kàn kó ọ wálé. Raliat gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ lọ. Ó rán owó náà sínú awọ pẹlẹbẹ, ó so ó mọ́ ọrùn. Bí ó bá di ọjọ́ ọdún, á tú u síta, á fi eérú nù ún, á jẹ́ kí ó kọ mọ̀nà lójú oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Raliat gbéra ga. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ó ń tọ́jú bàbá ọkọ, apá rẹ̀ mọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn Suleiman, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń jí ní kùtùkùtù gbé omi àlùwàlá kaná fún un nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ṣùgbọ́n owó yẹn ń gùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Limota níbi ọlọ, Limota kò tètè dìde fún un. Ìjọba ti kéde nígbà náà pé àwọn kò gba owó ẹyọ mọ́, àwọn obìnrin agboolé sì ti ń ṣàníyàn lórí ohun tí wọ́n ní nílé. Raliat ní, "Ẹ̀gbọ́n, sàdáàkì tiyín ti kú. Ẹ ò ṣe kúkú kó o fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ta ayò?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Limota lọ ata rẹ̀ títí ó fi kúnná, ó kó o sínú àwo, ó fọ ọlọ mọ́, ó sì wọlé. Ìyálé tó bá bú ọ padà, ìjà ti parí. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí o bẹ̀rù.

Ọdún tí àrùn lúkúlúkú, ibà oníkọ́ tó ń ràn, jà ni Ọlọ́run dá ọ̀rọ̀ náà padà. Àrùn yẹn kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ń gbé ọkùnrin tó ń kọ ebè láàárọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú kí wọ́n tó máa wá aṣọ funfun. Aáfà àgbà tó so yìgì Raliat wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú. Iṣu wà nínú oko, kò sẹ́ni tó lọ wà á. Bàbá Jimoh dùbúlẹ̀, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe àwọn aláàárù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni àrùn náà mú Suleiman. Ara rẹ̀ gbóná, ikọ́ rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, Raliat sì se gbogbo ewé tí wọ́n ní kí ó se.

Ọkùnrin kan tó ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ ló sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìkàrẹ́ tí wọ́n ti ń ta kuníìnì, egbògi òyìnbó, pé ó ti gbé àwọn kan dìde. Owó ti tán lọ́wọ́ Raliat. Láwàl wà ní abà, bàbá ọkọ kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ku Limota. Raliat lọ kúnlẹ̀ níwájú yàrá rẹ̀, ó ní kí ó yá òun ní ohun tí òun yóò fi ra egbògi. Limota bi í bóyá ẹni tó so owó ọba mọ́ ọrùn ni ó tún ń yá owó lọ́wọ́ ẹni tí owó tirẹ̀ ti kú. Raliat dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

Nígbà tí ó wọlé, ó ń tú okùn ọrùn rẹ̀. Suleiman rí i láti orí ẹní.

Ó ní, "Má ná an. Bí mo bá kú, òun ni yóò máa jẹ́rìí pé ìyàwó mi ni ọ́."

Raliat ní, "Bí ẹ ò bá kú, kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rí ṣe?"

Ó bomi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pọn Olúrántí, ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó sì mú ọ̀nà Ìkàrẹ́ pọ̀n. Ọ̀nà náà dá páropáro. Nígbà mìíràn èèyàn á ti máa bá àwọn aláta láti Ìkùn pàdé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń gbé òkú nìkan ló yà fún.

Pius ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ ìjọ, tó so gèlè mọ́ imú nítorí àrùn. Ó ti ń di kuníìnì náà sínú bébà nígbà tí Raliat gbé owó lé tábìlì. Ó mú un, ó sọ ọ́ lu pákó, ó dún dáadáa. Ó tún yí i. Ó kó àwọn ṣílè inú àpótí rẹ̀ síta, ó ń fi wọ́n wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ọ̀pẹ ló wà lára tiwọn. Kò sí elérin nínú wọn. Ó bi í níbi tó ti rí owó náà, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

N kò ní bú Pius. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú àwọn kan tó ń rọ ṣílè ayédèrú, wọ́n mú oníṣọ́ọ̀bù tó gbà á lọ́wọ́ wọn náà, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo òǹtajà. Ẹ̀rù bà á ni. Ó ránṣẹ́ pe akódà ilé ẹjọ́, akódà sì dé kí Raliat tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Akódà bi í pé ta ló fún un. Raliat ro ó wò. Bí ó bá dárúkọ Bàbá Jimoh, wọn yóò lọ gbé arúgbó tó ń ṣàìsàn lórí ẹní. Bí ó bá sì ní sàdáàkì òun ni, ìlú tí wọ́n bí i sí yóò gbọ́ pé owó ayédèrú ni wọ́n fi fẹ́ ẹ. Ó ní òun he é lójú ọ̀nà ni. Akódà ní ẹni tó bá he irú owó báyìí yóò dúró de àjẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, nítorí ó lọ sí ìrìn àjò. Wọ́n fi òun àti ọmọ sí àhámọ́, yàrá kan tó ń rùn bí ìtọ̀ ewúrẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n, ó ní ọkọ òun ń kú lọ. Wọ́n ní ọkọ gbogbo ayé ló ń kú lọ lọ́dún náà, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì pa.

Memunat gbọ́, ó ń gbé oúnjẹ wá, ó sì rán olóbì kan tó ń lọ sí Ìpè pé kí ó yà ní Ọ̀kà sọ fún wọn. Raliat ń ka ìró ẹsẹ̀ tó ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé omi tí òun gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun yóò ti tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Bàbá Jimoh ni ó wá. Ibà ti fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbẹ bí igi, ó ń fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀. Ó bá àjẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́. Kò dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ló ni owó náà, òyìnbó ni ó fún òun, sàdáàkì ìyàwó ọmọ òun sì ni, àwọn tó tì í mọ́lé ni kí wọ́n tì mọ́lé. Ó tú àpò rẹ̀ síta, ó kó àwọn ṣílè gidi lé orí tábìlì, pé bí wọ́n bá fẹ́ gba owó kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, kí wọ́n gba ìwọ̀nyí. Raliat ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi í yangàn.

Àjẹ́lẹ̀ mú elérin. Ó wò ó, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní kì í ṣe ayédèrú. Àwọn ará ilé rẹ̀ náà ló rọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwòṣe ni, wọ́n ṣe é kí wọ́n fi han àwọn ọba ni, ìjọba sì mú òmíràn. Ó ní kò di owó rí."

Bàbá Jimoh ní kí wọ́n bi í dáadáa, nítorí nígbà náà wọ́n ní kò tíì jáde ni. Ògbufọ̀ bi í. Àjẹ́lẹ̀ mi orí. Ó ní kò jáde, kò sì ní í jáde. Ó ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an, pé àwọn kan wà nílùú òun tó ń kó irú rẹ̀ jọ tí inú wọn yóò dùn láti rí i, ṣùgbọ́n ti ìjọba ni, wọ́n ti ní kí gbogbo rẹ̀ padà sọ́wọ́ ìjọba. Ó sì fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wá pẹjọ́ lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ, àwọn ará Ọ̀kà wà nínú wọn. Wọ́n tú Raliat sílẹ̀, Bàbá Jimoh sì kó àwọn ṣílè rẹ̀ padà sínú àpò.

Pius ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi bébà kuníìnì náà lé Raliat lọ́wọ́, ó ní kí ó má ṣe sanwó, kí ó forí ji òun. Raliat so ó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Òun àti bàbá ọkọ rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà Ọ̀kà. Nígbà tí wọ́n ń gun òkè dé, wọ́n pàdé ọkùnrin kan tó gbé ṣọ́bìrì léjìká. Ó rí wọn, ó yà sínú koríko, ó bọ́ fìlà. Wọ́n ti sin Suleiman láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá Jimoh dúró. Ó bi ọkùnrin náà pé ta ló gbé e sínú ilẹ̀. Ó ní Láwàl ni. Bàbá náà mi orí, ó sì ń lọ. Nítorí kí ó lè lọ sọ̀rọ̀ owó ni kò fi sí nílé nígbà tí ọmọ rẹ̀ kú.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ti ṣáájú wọn délé. Ọ̀rọ̀ kì í sinmi lórí òkè. Àwọn èèyàn kún ojúde, Láwàl jókòó láàárín, Aáfà ọ̀dọ́ tó gba ipò èyí tó kú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Raliat kò kí ẹnikẹ́ni, ó ń lọ tààrà sí yàrá ọkọ rẹ̀ láti lọ jókòó sórí ẹní opó. Limota dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó ilẹ̀kùn mú.

Limota ní, "Ìyàwó ta ni ọ́ nínú ulé yìí?"

Raliat ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun kọjá.

Limota ní, "Owó tèmi kú ni. Ó gbé ayé rí kí ó tó kú. Tìẹ kò wáyé rárá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Láwàl bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́. Ó ní òun kò ní ohunkóhun sí Raliat, ṣùgbọ́n Aáfà ní kò sí yìgì láìsí sàdáàkì, òyìnbó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n san kì í ṣe owó. Ẹni tí wọn kò so yìgì fún kì í ṣe opó. Ọmọ rẹ̀ kò sì lè bá wọn pín oko obì Suleiman. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé oko obì náà dára, ẹ̀gbẹ́ ti Láwàl gan-an ló wà.

Aáfà ọ̀dọ́ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ síbi tí òun kò rò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Kí ẹnì kan láti ìhà ọkọ fi owó tí a mọ̀ lé e lọ́wọ́ níṣojú wa, kí ó ní sàdáàkì Suleiman nìyí. Ó parí."

Láwàl ní òun kọ́ ni òun fẹ́ ẹ. Gbogbo ojú sì yí sí Bàbá Jimoh.

Raliat mọ̀ pé àwọn ṣílè náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó ti rí wọn lórí tábìlì àjẹ́lẹ̀. Ọ̀kan péré ni ó ń wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn, ó nawọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohunkóhun sí mi lọ́wọ́."

Bàbá náà wo ọwọ́ yẹn. Ó wo Láwàl, tí wọ́n fi owó ẹyọ fẹ́ ìyàwó fún. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn odò àti àpótí fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n gba elérin wò lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n sì kí i kú ìnáwó. Bí ó bá mú ṣílè kan jáde báyìí, ó ti jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn pé òun gbé òyìnbó kọjá odò lọ́fẹ̀ẹ́, pé òun fi asán pamọ́, òun fi asán fẹ́yàwó fún ọmọ, òun sì tìtorí asán pàdánù ìsìnkú ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu àpò. Ó dúró síbẹ̀.

Ó ní, "Mo ti san sàdáàkì ìyàwó ọmọ mi. N kì í san nǹkan lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe lé Raliat kúrò nílé ọkọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tì í, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn dá a dúró síta títí ó fi mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò yà fún un. Kí ó tó lọ, ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó gbé bébà kuníìnì sẹ́bàá ẹsẹ̀ Limota, nítorí ọmọ Limota tó wà nínú yàrá kejì ti ń wúkọ́. Kì í ṣe àánú tó pọ̀. Kò rí ohun mìíràn tí òun lè fi ṣe ni.

Ní Ìkàrẹ́, ó wọ yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá rẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ó sì ń ṣe opó. Kì í jáde, kì í lé tìróò. Memunat kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó tì í. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, pé ẹni tí ilé ọkọ ní kì í ṣe ìyàwó àwọn, ta ló ń bá ṣọ̀fọ̀? Ó ní kí ó bọ́ aṣọ dúdú, ọmọdé ni, òmíràn yóò fẹ́ ẹ.

Raliat ní, "Yèyé, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi fẹ́ mi kì í ṣe owó. Ṣé owó ni mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni?"

Láti ọjọ́ náà, Memunat ni ó ń gbé omi ìwẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Àrùn náà lọ bí ó ṣe wá. Aáfà kan tó mọ̀wé dé Ìkàrẹ́ láti Ìlọrin, wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì bínú gidigidi. Ó ní àìpé sàdáàkì kì í tú yìgì, gbèsè lásán ló jẹ́ lọ́rùn òkú, àwọn ará Ọ̀kà sì ti ṣẹ Ọlọ́run. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi ẹ̀rí ìwé tì í lẹ́yìn. Láwàl ti gé igbó oko obì mọ́ tirẹ̀ nígbà náà, ó ti gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín rẹ̀.

Nígbà tí Raliat parí opó, tó jáde sí ìta láti lọ sá aṣọ, ó rí Bàbá Jimoh lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ni, kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ara rẹ̀ ti rù sí i. Raliat kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àpótí ìjókòó fún un. Kò jókòó. Ó wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n, ó sì yọ ṣílè méjì láti inú àpò, ṣílè onígi ọ̀pẹ tí gbogbo ayé ń ná, ó nà án sí i.

Ó ní, "Sàdáàkì Suleiman nìyí. Gbà á, ọmọ mi."

Raliat wo owó náà. Ó bi í pé ta ló mọ̀ pé ó wá. Bàbá náà ní kò sẹ́ni tó mọ̀, ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni. Raliat bi í bóyá yóò lè sọ ọ́ ní ojúde Ọ̀kà, lójú Láwàl, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá Jimoh ń wo ilẹ̀, ó sì hàn gbangba pé ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Raliat káàánú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pa ọwọ́ arúgbó náà dé mọ́ owó tó wà nínú rẹ̀, ó sì rọra tì í padà sí àyà rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ padà lọ pẹ̀lú rẹ̀, Bàbá. Wọn kì í san sàdáàkì níkọ̀kọ̀."

Olúrántí sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé ní àkókò náà. Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì ti gbàgbé Ọ̀kà. Ó di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń yọjú wo arúgbó tó ń sunkún. Bàbá Jimoh nawọ́ sí i, ọmọ náà sì fà sẹ́yìn.

Ó ní, "Yèyé, ta nì yẹn?"

Bàbá Jimoh wo Raliat, ó ń retí ohun tí yóò sọ. Raliat gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ó ń wé ọ̀já mọ́ ọn.

Ó ní, "Bàbá kan láti Ọ̀kà ni."